Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ òye ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Benin: ẹ pe àwọn àgbà wọlé, kí ẹ sì bá wọn jiyàn

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùwádìí,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí yín. Ìlú Kétu ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìparí ní fìlọ́sọ́fì, ìyẹn ìmọ̀ òye, kí wọ́n tó jókòó fún ìdánwò BAC tí a fi ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn àpérò tí ẹ ń ṣe lórí ìrònú àwọn baba ńlá wa, yálà ẹ pè é ní ìmọ̀ òye ilẹ̀ Áfíríkà tàbí ti orílẹ̀-èdè wa, ń wáyé láìsí ohùn àwọn tó ń ro ìrònú náà lójoojúmọ́, ní èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ pè wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní orúkọ, tí a ń bi ní ìbéèrè, tí a sì lè kò lójú. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ wá yìn wọ́n. Ìyìn ti pọ̀ jù.

Kò sí bí a ṣe lè dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní Benin kí a má dárúkọ Paulin Hountondji, onímọ̀ òye ọmọ ilẹ̀ wa, ẹni tó jáde láyé ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2024. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, nítorí púpọ̀ nínú yín ló ti jókòó níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ni èmi náà fi ń la ọ̀nà nínú iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ní ọdún 1945, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Placide Tempels, tó ń ṣiṣẹ́ ìsìn ní Kóńgò, kọ ìwé kan pé àwọn Bantu ní ìmọ̀ òye tiwọn, ṣùgbọ́n pé àwọn fúnra wọn kò lè là á sílẹ̀ lọ́rọ̀, àfi kí òyìnbó bá wọn là á. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà gba ọ̀nà kan náà, tí oníkálukú ń kọ ohun tí ẹ̀yà rẹ̀ gbà gbọ́ bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni odindi ìlú fi ń sọ̀rọ̀. Èyí ni Hountondji dìde sí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ènìyàn kọ̀ọ̀kan ló ń ronú, pé ẹni tó bá ní èrò gbọ́dọ̀ gbé e síta lórúkọ ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó takò ó, kí ó sì tún un ṣe, àti pé níbi tí irú iyàn bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìmọ̀ òye kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n rò pé ó ń sọ pé àwọn àgbà wa kò gbọ́n. Ní tèmi, mo gbà pé ó tọ̀nà níbi tó ṣe pàtàkì jù, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Bí iyàn láàárín àwọn ènìyàn tó ní orúkọ bá ni ìmọ̀ òye, a jẹ́ pé àpérò tó kó èrò àwọn babaláwo, àwọn onísègùn àti àwọn olórin Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń kọrin ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, jọ sábẹ́ gbólóhùn kan, pé Yorùbá gbà pé báyìí báyìí ni, tí kò sì bi ẹnì kankan nínú wọn ní ìbéèrè, ń ṣe ohun tí Hountondji ní kí a má ṣe, kódà bí a bá fi orúkọ Hountondji sí iwájú ìwé ìpè rẹ̀.

Ohun kejì tó fi sílẹ̀ fún wa tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣàlàyé pé bí ìjọba amúnisìn ṣe ń kó ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ wa ní tútù lọ sí òkè òkun, tí wọ́n ń fi ṣe ọjà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ ṣe ń lọ: ilé wa ni a ti ń kó ohun tí a rí jọ, òkè òkun ni a ti ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ́, àwọn onímọ̀ wa sì ń kọ̀wé fún òǹkàwé tó wà lọ́hùn-ún, lórí ìbéèrè tí àwọn ará ọ̀hún béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wọn àpérò tiwa. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí orí àti ìwà ní gbọ̀ngàn kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ní Kútọnu, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ta ni ó lè padà wá bá yín lọ́jọ́ kejì láti sọ pé ibi báyìí kò rí bẹ́ẹ̀? Ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò kà á ní Kétu, ní Ṣábẹ, tàbí ní Pobè?

N kò sọ pé kò sí ohun rere tí ẹ ti ṣe. Ìpàdé ńlá tó wáyé ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, lórí bóyá ọ̀kan ni làákàyè ẹ̀dá ènìyàn tàbí púpọ̀, jẹ́ ohun tí mo ṣì ń fi yangàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìwé tó sì ti inú rẹ̀ jáde ní 2007 wà lára ohun tó kọ́ mi bí a ti ń béèrè ìbéèrè gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìmọ̀ ìbílẹ̀ tí Hountondji ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1994, níbi tí Victor Houndonougbo ti fi ìṣirò yẹ bí Fá, orúkọ tí àwọn Fọn àti Gùn ń pe Ifá, ṣe ń jáde wò, tí Toussaint Tchitchi sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa ń gbà ka nọ́ńbà, tí Alexis Adandé sì sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń yọ́ irin. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí dára nítorí pé wọn kò fò lókè. Wọ́n wo ohun náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú wọn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń da Fá lè gbọ́ ní èdè tó yé e, kí ó sì sọ ibi tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu àti ibi tí kò bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti fi ojú ara mi rí láìdárúkọ ibikíbi. Wọn a pe àgbà awo kan láti ìlú wa sí àpérò. Wọn a fi ọkọ̀ gbé e, wọn a fún un ní àga níwájú. Bàbá a wúre ní Yorùbá tó jinlẹ̀, àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, wọn a ya fọ́tò. Lẹ́yìn èyí, àwọn olùkọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ wọn ní Faransé, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, lórí Odù tí bàbá yìí ti ń kọ́ láti kékeré, kò sì ní sí ẹnì kan tí yóò yíjú sí i, kí ó bi í pé, “Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyí?” Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán bá tó, wọn a fún un ní owó ọkọ̀, wọn a dá a padà sílé. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un lóòótọ́, ọ̀wọ̀ náà gan-an ni wọ́n sì fi pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ẹni tí a bá ti sọ di ère, kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn.

Ifá fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹsẹ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀, gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò sì pe ẹsẹ̀ sí i. Èṣù ló bi wọ́n pé, nígbà tí wọn kò pe ẹsẹ̀, báwo ni ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe gún? Ìjà ni wọ́n fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ràn wọn tó gún. Àwọn awo tó ń kì í ń fi ẹsẹ náà ṣàlàyé pé ẹni tó yan orí rere ṣì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn kí ohun tó yàn tó lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mo sì ń padà bọ̀ wá bá ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kò mọ bí a ti ń ṣe àpérò. Níbi ìpàdé àwọn awo, bí ẹnì kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, àwọn tó kù ni yóò máa gbè é, tí wọn yóò máa dáhùn “Hin!” ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá tọ̀nà. Bí ó bá kì í gbòdì, wọn a dá a dúró. Bí ó bá sì ṣorí kunkun, wọ́n lè lé e kúrò láàárín wọn. Ẹ wo bí àyẹ̀wò náà ṣe le tó: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, ojú ẹsẹ̀ ni, gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ló sì ń gbọ́. Èmi kò tí ì rí àpérò yunifásítì kankan tí wọ́n ti dá olùkọ́ àgbà dúró láàárín gbólóhùn nítorí pé ó ṣi ẹsẹ Ifá kà, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti gbọ́ àṣìkà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní Kétu níbí, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, a tún ní Ẹ̀fẹ̀. UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá ọmọ aráyé láti ọdún 2008, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ṣùgbọ́n ère tí wọ́n gbé sórí àti ijó ọ̀sán ni àlejò sábà ń rántí. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni kí ẹ wá gbọ́. Ẹni tó ń kọrin lóru yẹn ní orúkọ tí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Òun ló ro orin rẹ̀. Ó ń bẹnu àtẹ́ lu ìwà ìjòyè, ti àwọn tó ń ṣèjọba, ti ọkọ àti ti aya, ó ń sọ ìdí tí ohun kan fi burú, àwọn ará ìlú sì ń gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Bí a bá ń wá ẹni tó ń ronú lórúkọ ara rẹ̀ níwájú àwọn tó lè takò ó, kò yẹ kí a rìn jìnnà kí a tó rí i. Òótọ́ ni pé kò kọ ọ́ sílẹ̀. Hountondji fi ọwọ́ pàtàkì mú àkọsílẹ̀, nítorí pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ni a lè padà sí láti yẹ̀ wò, mo sì fara mọ́ ọn níbẹ̀ pátápátá: Kétu tí ogun Dahomey pa run ní 1886 mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìmọ̀ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ wà lápò ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, ohùn tí a bá sì ti gbà sílẹ̀, a lè kọ ọ́ di ìwé. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Kí n wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ iyàn tí mo ní lọ́kàn. Ní àpérò, a máa ń gbọ́ pé Yorùbá gbà pé ọ̀run ni ẹ̀dá ti ń yan orí, àti pé ohun tí a bá yàn ni ayé ẹni yóò jẹ́. Lẹ́yìn náà, a óò fi èyí wé ohun tí àwọn ará Gíríìsì sọ nípa kádàrá, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà bí àwọn awo ṣe ń kì í. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà sílé bàbá wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n mú orí tó wù wọ́n lójú, òjò sì ba orí náà jẹ́ lọ́nà ayé. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó rúbọ, ó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀. Ó bá Àjàlá san owó fún ẹni tó wá sin ín ní gbèsè, nígbà tí Àjàlá sá pamọ́ sínú àjà ilé. Nítorí èyí ni Àjàlá fi bá a mú orí tó dára.

Ìbéèrè pọ̀ nínú ìtàn yìí tí gbólóhùn “Yorùbá gbà pé” kò lè gbà. Bí Àjàlá bá jẹ́ onígbèsè tó ń sá fún ẹni tó jẹ lówó, tó sì ń mọ orí tí kò jinná, ọrùn ta ni ẹ̀bi orí burúkú wà: ti ẹni tó mọ ọ́n ni, àbí ti ẹni tó mú un láìmọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé inú rere àti ìmọ̀ràn ni Afùwàpẹ́ fi rí orí rere, a jẹ́ pé ìwà ti wà kí orí tó wà. Ibo wá ni ìwà yẹn ti wá? Ọmọ Ọ̀rúnmìlà nìkan ló yà sílé bàbá rẹ̀: ṣé ọgbọ́n tirẹ̀ ni, àbí ilé tí a bí i sí? Ẹsẹ tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, ti orí àti ẹsẹ̀, sì ń sọ pé yíyàn nìkan kò tó. Ṣé ó ń tako ìtàn Àjàlá ni, tàbí ó ń parí rẹ̀? Mo gbé ìbéèrè wọ̀nyí ka iwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́yìn tí a ka Descartes, onímọ̀ òye ọmọ Faransé, lórí òmìnira ẹ̀dá láti yàn, wọ́n sì jiyàn títí agogo fi lù. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ báyìí ni ìdáhùn awo méjì tí ẹnu wọn kò kò lórí rẹ̀, kí olùkọ́ yunifásítì kan jókòó láàárín wọn, kí òun náà sọ tirẹ̀, kí wọ́n má sì dá a sí.

Sophie Olúwọlé, onímọ̀ òye tó kú ní Nàìjíríà ní 2018, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé Ọ̀rúnmìlà yẹ ní ẹni tí a ń kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates, onímọ̀ òye ilẹ̀ Gíríìsì. Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wà láàyè ló kù tí a kò tí ì kà sí tó. Ní Kẹ́ńyà, onímọ̀ òye kan, Henry Odera Oruka, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn àgbà ní abúlé láti àwọn ọdún 1970. Ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń takò wọ́n, ó ń ya ẹni tó kàn ń sọ ohun tí ìlú ti ń sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó lè dá dúró yẹ àṣà wò, ó sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Nílé wa níbí, nígbà tí Bernard Maupoil, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ń wádìí Fá, Gèdègbé, tó ti jẹ́ awo fún Béhanzin ọba Dahomey, ni olùkọ́ rẹ̀ tó ga jù, Maupoil sì dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1943. Bí òṣìṣẹ́ amúnisìn bá lè dárúkọ olùkọ́ rẹ̀ ní 1943, kò yẹ kí a máa kà á nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ tiwa pé babaláwo kan láti agbègbè Plateau, níbi tí Kétu wà, ló sọ báyìí. Àfi ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ní kí a bo orúkọ òun.

Ní ti èdè, òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, ní abala kọkànlá rẹ̀, fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ó sì gbé e lé ìjọba lọ́wọ́ láti mú àwọn èdè ilẹ̀ wa tí àwọn ẹ̀yà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbòòrò. Faransé ni èdè ìjọba, n kò sì ní kí a lé e jáde ní gbọ̀ngàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní àpérò lórí Ifá, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Faransé ni kí a wá ògbufọ̀ fún. Àwọn kan yóò sọ pé àkọtọ́ Yorùbá ti ilẹ̀ wa yàtọ̀, pé a ń lo ɛ àti ɔ níbi tí Nàìjíríà ti ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Àkọtọ́ ti Nàìjíríà ni mo fi kọ lẹ́tà yìí kí àwọn ará wa ní òdìkejì ààlà lè kà á, kò sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àkókò púpọ̀ kí wọ́n tó mọ méjèèjì kà. Ní Àjàṣẹ́, bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣe é ní Gùn, èdè ibẹ̀. Ìlànà kan náà ni.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn awo kò ní sọ̀rọ̀ nítorí àṣírí. Ohun tó jẹ́ awo wà lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìtàn Àjàlá kì í ṣe àṣírí. Ìwà, òdodo, gbèsè, ẹ̀tọ́ ọmọ lórí ogún bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni àwọn àgbà ń sọ ní gbangba níwájú ẹni tó bá jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrònú wa kò mọ sí ọ̀dọ̀ awo nìkan: ẹ pe àwọn ààfáà wa, ẹ pe ìyálọ́jà tó ti parí ìjà fún ìgbà pípẹ́, nítorí onísìn gbogbo ló ń gbé Kétu, iyàn tó wà láàárín wọn sì jinlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù kọkànlá ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ òye ní gbogbo ayé. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe ti ọdún tó ń bọ̀ ní Kétu, lédè Yorùbá, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, lórí ìbéèrè kan péré. Kí ẹ fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, àwọn àgbà àti olùkọ́ bákan náà, kí kálukú lè múra sílẹ̀. Owó tí ẹ bá fún olùkọ́ tó ti òkèèrè wá ni kí ẹ fún àgbà tó ti ilé rẹ̀ wá, nítorí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ṣe. Kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kà á fún wọn kí wọ́n tún un ṣe kó tó di títẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè ní Ouando ní Àjàṣẹ́, kí òmíràn sì wà ní Kétu níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mi lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Bí ẹ bá gbà, ẹ má ṣe kọ̀wé sí mi. Ẹ kọ ọ́ ní tààrà sí àwọn àgbà awo, sí àwọn olórin Ẹ̀fẹ̀ àti sí ààfin Alákétu, lédè Yorùbá. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ ọ́n kọ yóò wà níbẹ̀ láti ṣe àkọsílẹ̀.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Olùkọ́ fìlọ́sọ́fì kan ní Kétu